Irin Tí Kò Dé Ẹsẹ̀

Kọ ọ́ sílẹ̀! Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí o ṣe máa kọ ọ́, Ọmọ́lẹ́wà, má bu omi là á, má yọ ata inú rẹ̀ kúrò, torí mo mọ ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ níléèwé, èèyàn á sọ pé òun máa pa èèyàn, ẹ̀yin á kọ ọ́ pé inú màmá ò dùn. Inú mi ò dùn kọ́! Orí mi ló ń hó! Bí ọwọ́ mi bá tún tẹ tíṣà yẹn lónìí, Máíkẹ́lì Mímọ́ ń gbọ́ mi, màá fi eyín gé e létí, kí òun náà lè rí ìtàn sọ fún àwọn ọmọ.

Ṣé o ti kọ ìyẹn? Ó dáa. Kọ ọ́ kún un pé mi ò tọrọ gáfárà.

Kí lo ní? Kí n rọra? Ta ló rọra fún mi? Mo ti jókòó kẹ̀, àga yín yìí ni kò gba ìdí mi, àga ọmọ ọdún márùn-ún lẹ gbé fún ìyá àgbà, ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí wọ́n lè máa yọjú wò mí bí ajá dìgbòlugi. Àwọn méjì tó dúró síta yẹn, ní kí wọ́n wọlé wá jókòó tàbí kí wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Mo ti rí yín o! Mi ò tíì bu ẹnikẹ́ni jẹ láàárọ̀ yìí!

Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Wúrà ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kíláàsì Mísítà Lazarus ló wà, ó gbé ìwé kan délé. Ìbíwùmí ìyá rẹ̀ ló kà á fún mi, torí èmi, kíláàsì méjì péré ni mo kà tí wọ́n fi fà mí lọ sóko. Ìwé náà ní àwọn ọmọ ń kọ́ nípa àwọn gbajúmọ̀ ará Ọsirélíà, pé kóówá wọn á múra bí ẹnì kan, á jáde níwájú àwọn òbí, á sì sọ ohun tí ẹni náà ṣe láyé. Mo ní Ọsirélíà kẹ̀? Ta la mọ̀ níbẹ̀? Nàìjíríà la ti wá, Dagenham la ń gbé, èwo ni ká tún lọ máa forí gbárí ní Ọsirélíà? Ìbíwùmí ní, Màmi, ẹ̀kọ́ ni. Mo ní kò burú, ẹ̀kọ́ kì í pọ̀ jù, ta ló wá kan ọmọ wa? Ó ní Kátì Fíríìmànù ni Wúrà mú nínú àpò.

Mi ò mọ obìnrin yẹn tẹ́lẹ̀. Wúrà ló fi í hàn mí nínú fóònù ìyá rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, awọ ara rẹ̀ ò jìnnà sí tiwa. Ó ń sáré, gbogbo ayé ń pariwo, ó fi gbogbo wọn sẹ́yìn, ó wá gbé àsíá méjì lọ́wọ́, ọ̀kan ti ìlú, ọ̀kan ti àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wò ó. Mo sunkún. Mo ní èyí gan-an ló yẹ ọmọ mi, àpò yẹn mọ ẹni tó fún.

Ṣé o mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe? Sùtánà ni mò ń rán. Láti Heathway títí dé Chadwell Heath, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó bá fẹ́ sùtánà tí kò ní ya lábíyá lọ́jọ́ ìsìn, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Èmi tí mò ń rán aṣọ gbagẹrẹ fáwọn wòlíì, ó wá di kí n máa rán aṣọ asáré tó fún mọ́ ara, tó ní ìbòrí, tó jẹ́ pé bí o bá fà á ó ń gùn, bí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀ ó ń sá padà bí ìjàpá! Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló ṣẹ́. Ẹ̀kẹrin gún mi níka, wò ó, àpá rẹ̀ rèé. Mo rán àsíá náà, dúdú lókè, pupa nísàlẹ̀, òòrùn aláwọ̀ yẹ́lò láàárín, mo fi okùn góòlù tó ṣẹ́ kù lára sùtánà àwọn àgbà ìjọ gbá etí rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè, Màmá, sùtánà wa dà? Mo ní ẹ ní sùúrù, Ọsirélíà ló wà lórí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọjọ́ pé. Mo dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ìlà kìíní ni mo jókòó sí. Ìbíwùmí wà lẹ́nu iṣẹ́, arúgbó kan ní Eastbury ló máa ń lọ wẹ̀ fún láàárọ̀, ó ní Màmi, ẹ bá mi ya fọ́tò tó pọ̀. Àwọn ọmọ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Jonah jáde, ó gbé pákó kíríkẹ́ẹ̀tì lé èjìká, ó ní òun ni Bíráàdìmaànù, kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá bíi tòun. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ ọlọ́mọ, mo pàtẹ́wọ́ títí! Ni ọmọbìnrin kan bá sáré jáde.

Aṣọ mi! Aṣọ tí mo fi ẹ̀jẹ̀ ìka mi rán! Catherine ló wọ̀ ọ́, ọmọ òyìnbó kíláàsì Wúrà tó ga tó yẹn, aṣọ fún un nídìí, kò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, àsíá mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní bóyá ojú mi ni. Mo nu ojú. Catherine ni! Mo wá ní, Wúrà dà?

Bi mí kí o gbọ́. Wúrà dà? Ó ń bọ̀ lẹ́yìn! Wọ́n ti da garawa dé e lórí! Garawa tí wọ́n kùn ní dúdú, tí wọ́n la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí níwájú ojú, páálí láyà, páálí lẹ́yìn, páálí tí wọ́n ká bí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀! Gẹ̀ẹ́sì mi ò pọ̀, àmọ́ ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á gbọ́ olè. Mo gbọ́ báńkì. Mo gbọ́ ọlọ́pàá. Mo yíjú sí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, ta lọmọ yìí? Ó ní Nẹ́ẹ̀dì Kẹ́lì, ó ja báńkì lólè, ó pa ọlọ́pàá, wọ́n so ó kọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Adigunjalè! Ẹ fún Catherine ní obìnrin tó gbé àsíá, ẹ wá fún ọmọ dúdú ní olè! Nínú gbogbo orí tó wà ní kíláàsì yẹn, orí ọmọ mi nìkan ni garawa yẹn bá mu?

Àwọn ọmọ kan fò jáde bí ọlọ́pàá, wọ́n ní pá! pá! pá! Wúrà ò ṣubú. Ó ń rìn bọ̀. Pá! pá! Ó ṣì ń rìn bọ̀. Ó wá ṣubú gbì, ó nà gbalaja. Gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Ọmọ́lẹ́wà! Ọmọ mi sùn sílẹ̀ bí òkú níwájú mi, wọ́n sì ń fì ọwọ́ sókè!

Fi bírò yẹn sílẹ̀. Eléyìí, má kọ ọ́.

N kì í dárúkọ ọkọ mi, màá dárúkọ rẹ̀ lónìí. Olúbọ̀dé. Awakọ̀ ni. Píjò funfun kan ló ní, bó ṣe máa ń nù ún, wàá rò pé ó fẹ́ gbé e pọ̀n. Ọ̀sán gangan ni, à ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìbíwùmí jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Wọ́n fi igi dí títì. Mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn dé ìbòjú àwọn ajórin, irin dúdú tó bo orí dé àgbọ̀n, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ níbi ojú, mo wo inú ihò yẹn, mi ò rí èèyàn níbẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Aromọléegun ń bá Olúbọ̀dé jà, kò lè tètè gbé ẹsẹ̀. Ó ní, mò ń bọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mò ń bọ̀. Wọ́n yìnbọn lù ú.

Itan ni wọ́n yìnbọn sí o. Kì í ṣe àyà, kì í ṣe orí. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, itan kì í pa èèyàn. Mo tú gèlè, mo fi dì í. Mo tú ìró, mo fi dì í. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ yọ bí omi ẹ̀rọ. Kí ọkọ̀ kan tó dúró fún wa, ó ti kú sórí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n wa Píjò lọ, bàtà rẹ̀ kan wà nínú rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé. Ta ló pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn?

Wúrà gan-an mọ̀. Ó bi mí nípa bàbá tó wà nínú fọ́tò ògiri, mo ní àwọn olè yìnbọn pa á, wọ́n fi irin bojú. Mo fi mọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọta ti wọlé, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dà, mi ò sọ ìyẹn fún ọmọdé.

Gbé bírò rẹ padà. Èyí tó kù, kọ ọ́, kọ ọ́ gàdàgbà!

Mi ò fi pákó lu ọmọ! Ẹni tó bá sọ pé mo fi pákó lu Wúrà, kí ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun! Orí ọmọ mi ni mo máa fọ́? Mo dìde, mo fa garawa yẹn kúrò lórí rẹ̀, mo gbé e jù sílẹ̀, mo já pákó gbà lọ́wọ́ Bíráàdìmaànù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu garawa yẹn. Mo lù ú fún Olúbọ̀dé. Mo lù ú fún Píjò. Mo lù ú fún bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ń dún gbàà, gbàà, mo ń lù ú lọ, ó wọlé síbí, ó yọ sọ́hùn-ún, ọ̀dà dúdú rẹ̀ ń ṣí, ni mo bá rí àwòrán òróró lábẹ́ rẹ̀. Garawa mi ni! Garawa òróró tí mò ń kó àjákù aṣọ sí, tí mo ti ń wá láti ọjọ́ Ajé! Wọ́n sọ ọmọ mi di olè, wọ́n tún jí garawa mi fi ṣe é! Mo tún wá gbé pákó sókè dáadáa, ìgbà yẹn ni Mísítà Lazarus ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àtàǹpàkò rẹ̀ wú? Ó yẹ kó wú! Ẹni tó ti ọwọ́ bọ odó nígbà tí ọmọ odó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣé olódó ló fẹ́ bú ni? Ó pariwo bí ẹlẹ́dẹ̀. Inú mi dùn. Kọ ọ́ pé inú mi dùn. Àtàǹpàkò nìkan ni mo rí gbà nínú ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Wọ́n pe ọlọ́pàá sí mi, ọmọbìnrin kékeré kan, ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ní, ìwọ gan-an ló yẹ kí o kúnlẹ̀ fún mi, ẹni tó ń pa ẹ̀yin ọlọ́pàá ni mo lù!

Wọ́n wá kọ̀wé pé mi ò gbọdọ̀ dé ẹnu géètì mọ́, àfi òní yìí tí wọ́n pè mí wá sọ tẹnu mi. Èmi tí mò ń mú Wúrà lọ, tí mò ń mú un bọ̀, láti ìgbà tó ti ń sunkún wọlé. Aládùúgbò ló ń lọ mú un báyìí. Èmi á dúró ní òdìkejì títì bí ẹni tó fẹ́ jalè, màá máa wo ọmọ mi bó ṣe ń kọjá. Kò wò mí. Láti ọjọ́ Ẹtì, ọmọ yìí ò bá mi sọ̀rọ̀! Mo dín dòdò, Wúrà tó lè fi ìyá rẹ̀ dógò nítorí dòdò, ó ní òun ti yó. Ó kọjú sógiri. Ìbíwùmí ní, Màmi, ẹ dójú tì mí. Èmi dójú tì ẹ́? Èmi àbí ẹni tó fi ọmọ rẹ ṣe olè?

Ohun tí mo fẹ́ rèé, kọ ọ́ ní ìlà ìlà. Kí tíṣà yẹn wá sílé mi, kó kúnlẹ̀ níwájú fọ́tò Olúbọ̀dé. Kí wọ́n lé e. Bí wọn ò bá lé e, kí Olúwa àwọn ọmọ ogun fi àtàǹpàkò kejì kún un, kó máa fi eyín ṣí ilẹ̀kùn, kí ṣọ́ọ̀kì máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, kó...

Kí lo ń fà yọ nínú fáìlì yẹn?

Ìwé ta? Ìwé Wúrà? Ìgbà wo ló kọ ọ́? Kó tó di ọjọ́ Ẹtì? Kà á. Kà á ní Yorùbá. Má fi òyìnbó gbá mi lórí.

Ó ní kí ni?

Tún ibẹ̀ kà. Ó ní òun ló bẹ Catherine. Òun ló bẹ Catherine pé kí àwọn pààrọ̀? Òun ló lọ bá tíṣà, ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì? Òun ló gbé garawa mi, ó kó àjákù aṣọ mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì... Háà. Mo gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn lánàá, mo rí àjákù, mo ní eku ni.

Máa kà á lọ. Kí ló dé tó fi fẹ́ olè?

Rọra kà á.

"Torí pé ó ní irin. Ọta ìbọn ò lè wọ inú irin rẹ̀. Bàbá àgbà mi ò ní irin. Ìyá àgbà mi mọ gbogbo aṣọ rán àmọ́ kò mọ irin rán. Bí àwọn èèyàn yẹn bá tún wá, èmi máa wọ irin, màá dúró níwájú ìyá àgbà mi."

Dákẹ́. Má kà á mọ́. Gbé ìwé yẹn fún mi. Mi ò lè kà á, mo mọ̀, gbé e fún mi.

Èwo ni orúkọ mi nínú rẹ̀? Èyí? Ó gùn tó báyìí?

Jésù Olúwa mi! Kì í ṣe olè lọmọ yìí rí. Aṣọ ló rí. Ọmọ aránṣọ. Ó wo ọkùnrin yẹn, ó rí aṣọ tí ọta ò lè wọ inú rẹ̀, òun ló ṣe ń rìn bọ̀, tí wọ́n ń yìnbọn, tí kò ṣubú, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀! Ìlà kìíní ni mo jókòó sí! Mo wá dìde, mo fọ́ irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń fà mí láṣọ, ó ń wí nǹkan, mo rò pé ẹ̀rù tíṣà ló ń bà á.

Má nu ojú fún mi. Ọwọ́ wà lára mi.

Bí irin yẹn bá dáa tó bẹ́ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe wá mú un? Ọkùnrin yẹn, Kẹ́lì, báwo ló ṣe ṣubú? Sọ fún mi, wọ́n kọ́ ẹ níwèé. Irin bo orí, ó bo àyà, ó bo ẹ̀yìn. Irin ohun ìtúlẹ̀ ni wọ́n fi rọ ọ́. Ìyẹn lágbára. Níbo wá ni ọta gbà?

Ẹsẹ̀.

Irin ò dé ẹsẹ̀? Wọ́n fi irin bo gbogbo rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀? Ta ló kọ́ alágbẹ̀dẹ yẹn níṣẹ́? Èèyàn á wọn ọrùn, á wọn àyà, kò ní wọn itan? Ṣé itan ò lẹ́jẹ̀ nínú ni? Itan ni wọ́n ti yìnbọn lu Olúbọ̀dé mi! Itan! Mo rò pé kì í pa èèyàn!

Pa gbogbo ìyẹn rẹ́. Rárá, má pa á rẹ́, gáfárà tí mo ní mi ò tọrọ, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà, kí ló dé tí kò fi sọ fún èmi tí mo rán aṣọ? Gáfárà Wúrà ni màá tọrọ, mo sì mọ bí màá ṣe tọrọ rẹ̀. Kọ tuntun. Kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé garawa mi wá, bó ṣe rí yẹn, màá fi òòlù nà án títí yóò fi dúró. Kọ ọ́ pé mo fẹ́ páànù, páànù tinrín tí àlùmọ́gàjí ìránṣọ mi lè gé, màá wọn Wúrà láti ìdí dé ọrùn ẹsẹ̀, màá rán irin yẹn dé ilẹ̀, màá fi okùn góòlù gbá etí rẹ̀. Kọ ọ́ pé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọmọ mi tún máa jáde, kí gbogbo wọn yìnbọn lù ú bó ṣe wù wọ́n, ní orí, ní àyà, ní itan, ọmọ yìí ò ní ṣubú, yóò rìn wá bá mi níbi tí mo bá jókòó sí. Bí wọn ò bá fẹ́ ṣí géètì fún mi, kí wọ́n gbé eré náà jáde wá sí títì!

Sì pe Mísítà Lazarus yẹn wá. Mi ò ní gé e létí mọ́. Ẹnì kan ní láti bá mi di páànù mú kí n tó kan ìṣó mọ́ ọn, àtàǹpàkò rẹ̀ kan ṣì kù tó dáa.